Ẹ̀rọ Ìyẹ̀wù

Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ẹ̀rọ, kò sí ohun tí pẹtiróòlù kì í wẹ̀. Fáànù tó di kìkì eruku, pẹtiróòlù. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń han gooro, pẹtiróòlù. Ẹ̀rọ ìlọta tí ọ̀rá ti gan mọ́ lára, pẹtiróòlù. Àwo irin fífẹ̀ kan wà lábẹ́ tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́, ìdajì rẹ̀ kún fún un, ohunkóhun tí wọ́n bá sì tú palẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ gba inú àwo yẹn kọjá kí ó tó tún pàdé ara rẹ̀. Bí oníbàárà bá kùn pé òórùn rẹ̀ ti pọ̀ jù, Ọ̀gá Ẹ̀rọ yóò ní, "Ẹ̀rọ tó bá mọ́ ló ń pẹ́," yóò sì dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣàlàyé. Òun ló ń jókòó níwájú, nídìí káńtà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Ìyá Káńtà. Òun ló ń gba iṣẹ́, òun ló ń dá iṣẹ́ padà, òun ló ń bẹ ẹni tí fáànù rẹ̀ kò tíì ṣe tán. Lẹ́yìn káńtà yìí, kọ́bọ́ọ̀dù pákó kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àwọn obìnrin kan máa ń wá tí wọn kì í gbé fáànù, tí wọn kì í gbé áyọ́ọ̀nù. Wọn á fi ẹnu sí i létí, wọn á sọ̀rọ̀ kúkurú, wọn á yọ nǹkan kan láti inú báàgì wọn, Ìyá Káńtà á sì rọra tẹ́ ẹ sínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn.

Ọkọ rẹ̀ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Kí ni wọ́n ń kó wá ná?"

"Ẹ̀rọ ìyẹ̀wù."

"Èwo ló ń jẹ́ ẹ̀rọ ìyẹ̀wù?"

"Ẹ̀rọ tí obìnrin fi ń tu ara rẹ̀ lára lórí ibùsùn nígbà tí ọkọ kò bá sí ńlé," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń nu káńtà lọ, "tàbí nígbà tí ọkọ bá wà ńlé tó kàn ń hanrun. Ṣé kí n máa bá a lọ?"

"Rárá," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì parí sí. Ìyá Káńtà ti ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tipẹ́, ó mọ bí a ṣe ń fi òjé jó wáyà tó já pọ̀, ó mọ bí a ṣe ń fọ ojú irin tó dípẹtà. Bí ọkọ bá ti jáde lọ ra nǹkan, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, á ṣe tirẹ̀. Kí ọkọ tó padà dé, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìyá Káńtà kú ní àsìkò òjò. Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ bí inú rírun lásán; nígbà tí wọ́n máa fi mọ orúkọ rẹ̀, ó ti di onílé. Ọ̀gá Ẹ̀rọ sin ín, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó sílé títí ìjókòó fi sú u. Nígbà tó tún ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó nu àga ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó sí i. Oníbàárà á wọlé, á kọjú sí àga náà, á ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," kí ó tó rántí. Ọ̀gá Ẹ̀rọ á dáhùn láti ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń jẹ́ ìpè ẹlòmíràn.

Àwọn ọmọ wà lọ́nà jíjìn, fóònù ni wọ́n fi ń kí i. Ẹni kan ṣoṣo tó kù fún un nítòsí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó bíi tirẹ̀, tó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ mátíróònù ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Àní títí di òní, Mátíróònù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, obìnrin gíga tó máa ń rìn bí ẹni tó ń lọ yẹ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Òun ló tọ́ Ọ̀gá Ẹ̀rọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Lójoojúmọ́ ní ọ̀sán, á gbé ìrẹsì wá sí ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á ní, "Kékeré, jẹun." Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí irun àyà rẹ̀ ti funfun, á sì gba ṣíbí.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé bí obìnrin yìí kò bá wá mọ́, kò ní sí ẹni tí yóò máa pè é ní Kékeré láyé mọ́, òun yóò sì máa jẹ́ Ọ̀gá Ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó ń jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì wọlé. Obìnrin kúkurú ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òrùlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ẹ sì tún kú ìrọ́jú."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ò ṣe nǹkan kan."

"Áyọ́ọ̀nù ńkọ́?"

"Áyọ́ọ̀nù mi ń gbóná dáadáa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Nǹkan mi kan ló kù lọ́wọ́ olóògbé. Nínú... níbẹ̀ yẹn."

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá Ẹ̀rọ mú kọ́kọ́rọ́ ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí ìṣó, ó sì ṣí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Kò sí ohun ìbẹ̀rù níbẹ̀. Àwọn àpò aṣọ kéékèèké tó ní okùn lọ́rùn ni, wọ́n tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò fara kan ara wọn. Ọṣẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì funfun.

"Aláwọ̀ ewé yẹn ni tèmi," ni Aránṣọ wí. "Èmi ni mo ń fún olóògbé ní èékù aṣọ tó fi ń rán wọn, àfi ẹni tó bá mú aṣọ tirẹ̀ wá láti ilé. Kò jẹ́ kí méjì jọra rárá."

"Kí ló dé?"

"Kó má baà sí pé à ń kọ orúkọ sí i. Ta ló fẹ́ kọ orúkọ sírú ẹ̀?"

Ó gba àpò rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó tẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun náà kùn bí oyin tó wọ inú ìgò. Kíá ló pa á. "Ó ti ṣe é kó tó lọ," ni ó wí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. "Obìnrin dáadáa. Ó dàbọ̀ o, Ọ̀gá."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tú àwọn àpò tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ó lè tì í padà, kí ó sọ fún ẹni tó bá wá pé olóògbé ti lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá gbà, ṣọ́ọ̀bù ló gbà á. Bí ọwọ́ tó gbà á kò bá sí mọ́, ọwọ́ tó kù ni yóò dá a padà. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó fa àga.

Èyí tó kọ́kọ́ mú wà nínú àpò búlúù tó ní ìlà funfun. Ó yí ìdérí ìdí rẹ̀, ó fa inú rẹ̀ yọ: ẹ́ńjìnnì tí kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, ilé bátìrì, wáyà méjì. Ọ̀kan ti já. Ó fi òjé jó o pọ̀, ó dán an wò, ó ń yí. Iṣẹ́ tí kò tó ohun tí èèyàn ń fọ́nnu lé lórí. Lẹ́yìn náà, ó mú awọ rọ́bà tó wà lóde rẹ̀, ó rì í sínú àwo pẹtiróòlù, ó ní kí ó sùn síbẹ̀ di ọ̀la kí ìdọ̀tí lè yọ. Kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Àṣà ni.

Nígbà tó dé ní òwúrọ̀, awọ náà ti wú. Ó ti fẹ̀, ó ti gùn, ó sì nà gbalaja sínú àwo bí ẹni tó rin ìrìn àjò tó jìnnà. Ọ̀gá Ẹ̀rọ gbé e sókè. Ìdajì rẹ̀ já bọ́. Ó gbé èyí tó kù kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, pẹtiróòlù kò tíì já a kulẹ̀ rí.

Ó sọdá títì, ó pe Aránṣọ. Aránṣọ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú àwo.

"Ọ̀gá, kí lẹ fi wẹ̀ ẹ́?"

"Pẹtiróòlù."

"Ẹ ní kí ni?"

"Pẹtiróòlù. Ìdajì àwo."

Aránṣọ wá ilẹ̀ jókòó. "Yéè! Ọ̀gá! Ẹ fẹ́ dáná sun ọmọ ọlọ́mọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀, tó fi ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Ọ̀gá Ẹ̀rọ dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ ti rín in tán?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ẹ rín in tán."

Nígbà tó rín in tán, ó nu ojú, ó gbé ọ̀kan lára àwọn tó kù lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì wá di olùkọ́. "Ẹ gbọ́ bí olóògbé ṣe kọ́ wa. Rọ́bà yìí kì í ṣe rọ́bà táyà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò ní òórùn ni oúnjẹ rẹ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń wẹ ojú ọmọ ọwọ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì o. Bátìrì tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ á sunkún, omijé rẹ̀ a sì máa jẹ irin."

"Ìyẹn yé mi."

"Ibi tí ìdérí ti pàdé ara, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi sùúrù ṣe ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí omi wọ inú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kì í ṣe nínú oòrùn. Kálukú sínú àpò tirẹ̀. Bí rọ́bà méjì bá fara kan ara wọn pẹ́, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á ba ara wọn jẹ́, bí orogún. Òróró kankan ò gbọ́dọ̀ kàn án. Èyí tó bá sì ti sán, ẹ má tún un ṣe, ẹ ní kí oníǹkan sọ ọ́ nù. Ojú ibi tó sán ni àrùn ń kọ́lé sí."

"Ìgbà wo ni ẹ máa ń wẹ̀ ẹ́?"

Aránṣọ wò ó. "Ṣáájú, Ọ̀gá. Àti lẹ́yìn."

"Ṣáájú kí ni?"

"Ọ̀gá."

"Ó ti yé mi," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tún àwọn tó kù ṣe. Ó bomi sínú bàsíà, ó fi ìgúnpá wo ìgbóná rẹ̀. Nígbà tó mú ọṣẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí i pé ó ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí àtàǹpàkò ìyàwó rẹ̀ máa ń tẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ síbẹ̀. Kò bá a mu. Ó gbé ọṣẹ náà padà síbi tó wà, ó sì jáde lọ ra òmíràn.

Àwọn tó ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́yìn tí Aránṣọ ti ta wọ́n lólobó. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì dúdú ní òun wá gba tọ́ọ̀ṣì òun.

"Tọ́ọ̀ṣì yín ti ń tàn," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. "Ẹ máa yọ bátìrì rẹ̀ tí ẹ ò bá lò ó."

"Àwọn ọmọ ló ń lò ó ju—" Obìnrin náà gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó gba àpò rẹ̀, ó lọ.

Ó wá ku ẹni tó ni àpò onílà. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ti pinnu pé bí ó bá dé, òun yóò dìde dúró, òun yóò jẹ́wọ́, òun yóò sì bẹ̀ ẹ́. Ó fọ àpò náà, ó sá a sórí wáyà láàárín ṣọ́ọ̀bù, kí ó lè jẹ́ pé bí nǹkan kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀, yóò mọ́.

Ibẹ̀ ni Mátíróònù bá a. Lọ́jọ́ yẹn ó tètè dé. Ó gbé ìrẹsì wọlé, ó rí kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó rí àpò tó ń fì lórí wáyà.

"Kékeré," ni ó wí, "ta ló ṣí ibẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni. Iṣẹ́ oníbàárà wà níbẹ̀."

"Èyí tó wà lórí wáyà yẹn ńkọ́?"

"Ti obìnrin kan ni. Mo bà á jẹ́. Mo ń retí rẹ̀ kí n lè bẹ̀ ẹ́."

Mátíróònù gbé abọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò jókòó. Kò ní kí ó jẹun. Ó ní, "Ó dáa," ó sì jáde, ó rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì kò wá. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀gá Ẹ̀rọ jókòó ní ọ̀sán, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára aṣọ onílà náà, ó sì wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ó mọ aṣọ náà. Píjámà ni. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ ní ilé ìwòsàn, ní oṣù tó lò kẹ́yìn láyé. Ọ̀gá Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló di apá rẹ̀ mú tí wọ́n jọ rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọwọ́ òun wà lára ìlà funfun yẹn.

Ó dìde, ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ohun tí kò ṣe rí yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsìnkú.

Ó kan ilẹ̀kùn Mátíróònù. Ó gbọ́ tí àga dún nínú ilé.

"Kò sẹ́nì kankan ńlé," ni ohùn kan wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn yín ni mo ń gbọ́ yẹn."

"Mo mọ̀. Máa lọ sílé."

Ó dúró díẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ó lọ. Kò sí ẹni tí ó tún lè bi léèrè. Bí ìyàwó rẹ̀ bá wà, òun ni ìbá rán. Bí ìyàwó rẹ̀ bá wà, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ ní ṣẹlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó mọ̀ nípa ẹ̀bẹ̀ ni pé ẹni tó ba nǹkan jẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ òfo wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó inú ẹ̀rọ náà sínú àpò onílà, ó mú irin tó fi ń wọn nǹkan, ó gba ilé ìtajà oògùn ńlá lọ.

Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí ọjà, ó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni?"

"Rárá. Ẹ̀rọ ìyẹ̀wù."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sà?"

Ọ̀gá Ẹ̀rọ yọ ẹ́ńjìnnì àti ilé bátìrì jáde, ó tò wọ́n sórí gíláàsì. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì kó páálí díẹ̀ jáde láti abẹ́.

"Ṣé Màmá lẹ fẹ́ rà á fún sà?"

"Màmá ti kú."

"Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ sà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ rà á fún."

Ọmọbìnrin náà dá ọwọ́ dúró lórí páálí. "Ẹ̀gbọ́n yín..."

"Obìnrin. Àgbàlagbà ni. Ẹ má fún mi ní èyí tó ń tan iná aláràbarà yẹn, kò fẹ́ràn ariwo." Ó ti mú irin rẹ̀, ó ń wọn ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wé ti àtijọ́. "Rọ́bà tó yí ẹnu rẹ̀ ká, ṣé kì í jẹ́ kí omi wọlé?"

"Kì í jẹ́ kó wọlé sà. Bàbá, kò sẹ́ni tó ti fi irin wọ̀n ọ́n níbí rí."

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá a padà."

"Wọn kì í dá a padà sà."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ ro ìyẹn wò. "Ó dáa," ni ó wí. "Ẹ dì í fún mi."

Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó kan ilẹ̀kùn tí ohùn inú ilé bèèrè pé ta ni, ó ní, "Kékeré ni." Kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Máa lọ, mo ń sùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ ò bá ṣílẹ̀kùn, ìta níbí ni màá ti ṣàlàyé. Aládùúgbò yín sì ń sá aṣọ."

Ilẹ̀kùn ṣí. Mátíróònù kò wò ó lójú. Ó tọ́ka sí àga kan nídìí tábìlì, òun náà jókòó sí òdìkejì, ó na ẹ̀yìn ṣánṣán.

"Mo bà á jẹ́," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. "Pẹtiróòlù ni mo fi wẹ̀ ẹ́. N kò mọ̀. Òmíràn rèé."

"Ṣé o rò pé torí rọ́bà ni n ò ṣe wá?"

"N kò mọ̀."

"Èmi ni mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí màmá wa kú. Èmi ni mo fi pàṣán kọ́ ọ pé kí o máa kan ilẹ̀kùn kó o tó wọ yàrá obìnrin. Ìyàwó rẹ mọ̀, ẹ̀mí mi balẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn, obìnrin bíi tèmi ni. Ó wá lọ, ó fi mí sílẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù." Ó tẹ ọwọ́ mọ́ tábìlì. "Ojú wo ni màá tún fi wò ọ́, tí màá ní kí o jẹun?"

"Ojú tí ẹ fi ń wò mí tẹ́lẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, Kékeré."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Bí ó bá jẹ́ fáànù ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ìbá ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wo orí mi," ni ó wí.

Mátíróònù wò ó. "Ó ń dán."

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Kò sí irun tó tó gẹ̀ níbẹ̀, òun gan-an ti sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sí ọwọ́ mìíràn tó ń kàn mí lára. Yóò di orí mi mú, yóò yí i sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì. Lẹ́yìn náà, màá lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ tó sọ yìí ti pọ̀ ju èyí tó sọ níbi ìsìnkú lọ. Lóde, aládùúgbò ń gbọn aṣọ tútù, ó ń dún pàá, pàá.

"Abájọ," ni Mátíróònù wí nígbẹ̀yìn. "Mo ti rò pé àrùn awọ orí ló ń ṣe ọ́."

"Rárá."

"Mo ti ń gbàdúrà lé e."

"Ẹ ṣeun."

Mátíróònù fa páálí náà sọ́dọ̀, ó ṣí i, ó wo ohun inú rẹ̀ bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ó tì í padà.

"Kì í ṣe èyí. Ọkọ mi ló ra ìyẹn. Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá mi sọ ọ́, kò bá dókítà sọ ọ́. Ó kàn wọlé lọ́jọ́ kan, ó gbé e lé ibùsùn, ó ní, 'Màdáámù, mo rán aṣojú.'" Etí ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀. "A rẹ́rìn-ín títí a fi sùn. Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀. Tuntun yìí, àlejò ni."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ tú àpò onílà, ó kó ohun inú rẹ̀ jáde sórí tábìlì. Nínú iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ, bí a bá pààrọ̀ nǹkan, a kì í sọ ògbólógbòó nù, a máa ń kó o fún oníǹkan kí ó lè mọ̀ pé a kò rẹ́ òun jẹ. "Inú rẹ̀ nìyí," ni ó wí. "Pẹtiróòlù kò dé ibẹ̀. Ohùn kì í gbé inú awọ."

Ó yọ inú ti tuntun. Síkúrúù rẹ̀ kéré bí irúgbìn. Mátíróònù la àtẹ́lẹwọ́, Ọ̀gá Ẹ̀rọ sì ń kó wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sínú awọ tuntun. Ó wọlé, ó jókòó gẹ́lẹ́. Ó dá síkúrúù padà, ó fi bátìrì sí i, ó dé e, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn náà jáde, ó jinlẹ̀, ó há díẹ̀, bí ọkùnrin tó ń kùn orin nínú yàrá kejì. Mátíróònù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Òun ni," ni ó wí. Ojú rẹ̀ ti kún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pa á."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ pa á.

"Wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lò ó," ni ó wí, ó ń wo ògiri. "Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí."

"O mọ̀ ọ́n? Ìwọ oní-pẹtiróòlù?" Mátíróònù dìde, ó gún régé bí ó ti máa ń rí. "Ojú mi ni màá fi rí i. Bọ́ sídìí omi yẹn."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó bu omi gbígbóná mọ́ tútù. Mátíróònù ti ìka bọ̀ ọ́, ó ní ó ṣì gbóná jù. Ó tún un ṣe. Ó yọ bátìrì, ó mú ọṣẹ, ó rọra fi ọwọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúró tì í léjìká, ó ká ọwọ́ jọ.

"Ibi ìdérí yẹn ńkọ́?"

"Mo ti wẹ ibẹ̀."

Mátíróònù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sídìí fèrèsé, ó yí i sókè sódò nínú ìmọ́lẹ̀, ó fi ojú kan wò ó. Ó gbé e padà, ó sì gbé ọwọ́ kejì lé àtàrí àbúrò rẹ̀ tó ń dán, ó yí i sí ibi tí omi wà.

"Tún un wẹ̀, Kékeré."

Ó tún un wẹ̀.